Koríko Tí Yanrìn Bò Mọ́lẹ̀

Ilé wa wà ní àjà kẹrin ní Peckham, lẹ́yìn ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò sì jìnnà sí bálíkónì rẹ̀. Ibi kékeré ni. Ènìyàn méjì kò lè dúró níbẹ̀ kí èjìká wọn má kan ara wọn. Ibẹ̀ la ń sá aṣọ sí nígbà tí oòrùn bá ṣàánú wa, ibẹ̀ ni fìríìsà tó ti bàjẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin mi to ìkòkò márùn-ún sí, tí koríko wà nínú wọn. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, koríko lásán ni. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, àwọ̀ rẹ̀ sì rí bíi pé ẹnì kan ti fi eérú pa á lára. Kì í ṣe inú ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń tà nínú àpò ló wà. Inú yanrìn ló wà, yanrìn etí òkun.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi rín. Mo ní, "Bàbá rẹ sá fún yanrìn ìlú rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ìwọ wá lọ sí yunifásítì lọ ru yanrìn wálé."

Ó ní, "Daddy, kì í ṣe yanrìn kan náà now. Tiyín gbóná. Èyí tutù, it's proper freezing."

Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló ń kọ́. Olùkọ́ wọn ló kó wọn lọ sí àríwá, ní Scotland lọ́hùn-ún, níbi tí òkun ti ń bú ramúramù tí afẹ́fẹ́ sì ń gé ènìyàn létí. Ìgbà tó dé, kò jẹ́ ká gbádùn. Ìrẹsì wà níwájú rẹ̀ títí tó fi tutù, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Màmá mi, ìyá tó bí mi, tó ti Nàìjíríà wá bá wa gbé lọ́dún náà, jókòó lórí àga tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, á ní, "Kí ló ń wí?" Èmi á túmọ̀.

Ó ní òkè ni yanrìn níbẹ̀, òkè tí ń rìn ni. Afẹ́fẹ́ á gbé e kúrò níbi tó wà lánàá. Òjò kì í dúró nínú rẹ̀. Bó ti ń rọ̀ ló ń jò lọ. Iyọ̀ òkun ń fọ́n sára gbogbo nǹkan, oúnjẹ kò sì sí nínú ilẹ̀. Mo ní kí ni ewéko wá ń wá nírú ibẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀kan wà tó ní ẹ̀gún létí ewé, tó fi nǹkan bí ìda para bí a ti ń fi òrí para nígbà ọyẹ́, kí omi ara rẹ̀ má bàa fò lọ. Òmíràn wà tí ewé rẹ̀ ki pọ́pọ́, omi ló kó pamọ́ síbẹ̀ bí ẹni pọnmi sínú àmù. Igi kúkúrú kan wà tó gba kòkòrò tí ojú kò rí lálejò sínú gbòǹgbò, àwọn àlejò náà sì ń bá a wá oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ kan sì wà tí wọn kì í bá ẹ̀ẹ̀rùn jà rárá: ìgbà òtútù ni wọ́n ń hù, kí oòrùn tó le wọ́n á ti tanná, wọ́n á ti so, wọ́n á ti kú, irúgbìn wọn nìkan ni yóò kù nínú yanrìn.

Nígbà tó dé orí ìyẹn, ó dákẹ́. Èmi ò túmọ̀ ìyẹn fún Màmá.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni ọmọ yìí ní. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ bù ú fún un láìmọ̀, AS lọ́wọ́ ọ̀tún, AS lọ́wọ́ òsì. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ á wà dáadáa lówùúrọ̀, òtútù díẹ̀ á fẹ́ sí i, tàbí kó gbàgbé omi mu, kó tó di alẹ́ á ti ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún kan àgbọ̀n, á máa bẹ egungun ara rẹ̀. Nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ nípa ewéko tó tètè tanná tó sì tètè lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló já ọ̀rọ̀ náà. Ó fa ewé kan jáde nínú ìkòkò, ó ní ká wò ó. Marram ni òyìnbó ń pè é. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá dé, ewé yìí á ká bí ẹní, ojú tó fi ń mí á wà nínú, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán á kọ sóde. Bí òjò bá rọ̀, á tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ padà. Èyí tó mú lọ́wọ́ ti ká, ó rí bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n èyí tó crazy jù nìyí. Yanrìn kì í pa á. Afẹ́fẹ́ á da yanrìn bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Koríko mìíràn á kú. Òun á na ọrùn gba inú yanrìn, á ta gbòǹgbò tuntun níbi tí yanrìn bá a dé, á yọ. Tí yanrìn bá tún bò ó, á tún yọ. Ìgbà tí yanrìn ò bá wá mọ́ ló ń rẹ̀ ẹ́."

Mo túmọ̀. Màmá sọ tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Wọ́n sin ín, ó sì yè?"

"Bó ṣe wí nìyẹn, Màmá."

"Irọ́ òyìnbó."

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, títí kan ìyá ọmọ tó ń fọ abọ́. Mi ò gbàgbé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, nítorí pé a ò tún rín irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Iṣẹ́ tí yóò fi parí ìwé rẹ̀ ni ìkòkò márààrún. Bó ṣe ń ṣe é ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan, á bu yanrìn kọ́ọ̀bù kan sórí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, á bo koríko náà dé ibi tó yẹ, á sì máa wo bó ṣe ń gun òkè. Nígbà tí òtútù ọdún náà wọlé, tí ọkọ̀ áńbúláǹsì wá gbé e lówùúrọ̀ kan, tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú tí wọ́n sì ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ lífíìtì, apá aṣọ mi ló dì mú. Mo rò pé ó fẹ́ kí n gbàdúrà.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má forget yanrìn mi."

Wọ́n gbé e lọ sí hósípítù ńlá tó wà ní Camberwell. Àyà ni àìsàn náà wọ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ kó aṣọ díẹ̀, ó ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi àti Màmá la kù sílé. Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ojú ọ̀nà tí mò ń gbà sì kọjá níwájú hósípítù yẹn gan-an. Ẹ fojú inú wò ó. Láti àárọ̀ mò ń kọjá, mò ń padà, ọmọ mi wà lókè níbẹ̀ tí ń fi ipá fa èémí, èrò kún ẹ̀yìn mi, ẹnì kan ń bínú pé mo pẹ́, èmi ò sì lè dúró ju ìgbà tí ilẹ̀kùn á ṣí tí á tún tì. Mo máa ń wo àwọn fèrèsé yẹn. Mi ò mọ èwo ni tirẹ̀. Gbogbo wọn ni mò ń kí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ àkọ́kọ́, mo kírun tán ní mọ́sáláṣí wa ní Old Kent Road, mo sáré wálé, mo bu yanrìn. Ó ń dún wàràwàrà bó ṣe ń bọ́ sórí ewé. Màmá wà nínú pálọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ láàárín wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá ọmọ pè pé wọ́n ti fi kún afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún un. Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún bù ú. Ó sì tún jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ibà tuntun gbé e.

Ìgbà tí mo tún jáde lọ sí bálíkónì ni mo rí i pé yanrìn inú ìkòkò ti lọ sílẹ̀ ju bí ọmọ ṣe fi í sílẹ̀. Gbòǹgbò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ hàn síta bí okùn aṣọ tó tú. Ewé ti ká, orí wọn ti ń pọ́n. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kì í fi ojú ṣíbí sílẹ̀ lórí yanrìn.

"Màmá, ta ló ń kó yanrìn inú ìkòkò wọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin?"

"Ṣé etí rẹ di ni? Mo ní èmi ni. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa ń wá kó o."

"Iṣẹ́ ìwé ọmọ ni, Màmá! Ọmọ bẹ̀ mí!"

Ó dìde. Màmá mi kì í tètè dìde, orúnkún ń dùn ún. "Ọmọ wà lórí ìdùbúlẹ̀, ó ń wá èémí. Ìwọ tó o bí i lọ bu yanrìn, ò ń dà á lé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn lórí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀! Ṣé ẹnikẹ́ni ò tọ́ ọ ni? A máa ń da yanrìn lé alààyè lórí?"



Ó ní, "Mo gbọ́ ìró yanrìn yẹn. Mo mọ ìró yẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi méjì ló kú kí wọ́n tó bí mi, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kò sẹ́ni tó mọ SS nígbà yẹn. Àwọn orúkọ burúkú tí wọ́n pè wọ́n, mi ò ní kọ wọ́n síbí. Ìlú wa wà létí òkun, yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, kò sí erùpẹ̀ pupa níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé. Òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ rẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n ti ìyá mi mọ́ inú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé. Ṣùgbọ́n ògiri ò nípọn. Ohun tí ojú rẹ̀ ò rí, etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ èyí fún mi rí. Ó wá sọ ọ́ ní Peckham, tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bi í pé níbo ló wá kó yanrìn náà lọ. Ó nawọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nínú báàgì tó fi kó gààrí àti ẹ̀wà wá láti ilé ló dì í sí, nínú ọ̀rá, ó fi gèlè so ó lẹ́nu.

"Mi ò lè dà á nù," ó ní. "Nǹkan ọmọ ni."

Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kí n dà á padà. Ènìyàn tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ikú àti ìyè, kò sí ohun tí kò lè gbà gbọ́. Ìgbà méjì ni mo da yanrìn, ìgbà méjì ni ara rẹ̀ yí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ò kàn lọ sí kọ́ọ̀bù ni.

Ìgbà tí mo tún lọ wò ó, mo mú Màmá lọ. Ọmọ ti rù, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí omi ọ̀pẹ òyìnbó. Ìbòmú wà lójú rẹ̀. Ó fi ìka ṣe bí ẹni ya fọ́tò. Mo mọ ohun tó fẹ́. Mo ti ya àwọn ìkòkò náà, nítorí mo mọ̀ pé á bèèrè, mo sì ti ń gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kó má bèèrè. Mo gbé fóònù sójú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó fa ìbòmú sísàlẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kò dá a lóhùn.

"Who took the sand off?"

Kí n tó ronú irọ́, Màmá ti gbọ́ ọ. Ó lè má gbọ́ òyìnbó, ó gbọ́ ojú ọmọ. "Èmi ni, ìyá mi. Èmi ni mo kó o."

Mo rò pé á sunkún. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Màmá," ó ń fa èémí láàárín ọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ tí ń yí ohùn Yorùbá po bí i ti gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbí, "yanrìn ò... ò pa á. Yanrìn ni... ilé rẹ̀. Tí ẹ bá kó o, gbòǹgbò á gbẹ."

Màmá tẹ̀ síwájú, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Bí ẹni bínú ló ṣe sọ ọ́. "Ìyá mi, ta ni wọ́n ti bo yanrìn mọ́lẹ̀ rí tó jáde? Dárúkọ ẹnì kan fún mi."

Ọmọ náà fi ìka kan ojú fóònù, lórí ewé tó ti ká.

"Òun."

Ìyá rẹ̀ dá ìbòmú padà sójú rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn dókítà wá bá wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá kékeré kan tí àga rẹ̀ rọ̀ jù. Wọ́n ní àyà rẹ̀ ti rẹ̀, wọ́n á fún un ní oògùn oorun, ẹ̀rọ á máa bá a mí. Wọ́n dáa sí wa. Mo ti rí i pé bí wọ́n bá ti ń dáa sí ènìyàn báyẹn, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kó fóònù ọmọ, síwẹ́tà rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nítòsí. Bàtà yẹn ló pa mí lára jù. Wọ́n tò ó pọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ẹ́ lọ síbì kan.

A wọ bọ́ọ̀sì padà, èmi àti Màmá, ọkọ̀ tí èmi náà máa ń wà.  Ìgbà tá a dé ilé, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì kù lójú ọ̀run, Màmá wọ yàrá, ó fa báàgì rẹ̀ jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ títí dé bálíkónì. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é. Ẹ wọlé, òtútù wà."

"Rárá."

"Màmá..."

"Mo ti gbọ́ ọ láti inú yàrá tó. Jẹ́ kí n fojú rí i."

Ó tú gèlè. Ó ní bísímílláhì. Kò lo kọ́ọ̀bù, ìkúnwọ́ ìkúnwọ́ ló ń bù ú, ó ń dà á sẹ́bàá ewé, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún ń bù. Omijé ń bọ́ láti àgbọ̀n rẹ̀ sínú yanrìn náà, kò nù ún. Ó bo gbogbo gbòǹgbò tó ti hàn síta, ó kọjá ibẹ̀, ó bò ó títí tó fi jẹ́ pé ṣóńṣó ewé nìkan ló kù. Nínú ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìsà, kò tiẹ̀ sí ṣóńṣó tó kù mọ́. Ewé ibẹ̀ ti já dànù. Yanrìn lásán ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni mò ń wò àbí ẹ̀yìn ilé wa létí òkun.

Lẹ́yìn náà, a dúró. Ta ló lè ròyìn ìdúró? Mo ń lọ síbi iṣẹ́ nítorí pé bí mo bá jókòó sílé orí mi á dàrú. Mò ń kọjá níwájú hósípítù, mò ń kí àwọn fèrèsé. Àwọn ará mọ́sáláṣí wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé oúnjẹ wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ìyá ọmọ ò sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́. "Ó wà bẹ́ẹ̀" nìkan ló máa ń wí. Nínú ìkòkò mẹ́rin, ṣóńṣó tó kù síta gbẹ, ó di bí ìgbálẹ̀. Màmá ń lọ wò wọ́n lẹ́yìn gbogbo ìrun. 

Ọjọ́ tó pè mí, ariwo rẹ̀ mú kí n sáré, mo rò pé ó ṣubú. Ó ti kúnlẹ̀ síwájú ìkòkò ẹ̀gbẹ́ fìríìsà, èyí tí kò ní ewé kankan. Nǹkan kan gún yanrìn jáde. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ga ju èékánná lọ, ó tutù yọ̀yọ̀.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ. Mo mọ̀ pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni fóònù náà wà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń bá ẹni tó ni ín mí. Ṣùgbọ́n ta ni mo tún fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí? Àmì tí ń fi hàn pé ẹni tá a kọ̀wé sí ti rí i ò yí padà. Mo ń wò ó ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀sì bá dé òpin ọ̀nà tí mo pa ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀ eérú ló ṣì wà.

Nígbà tó yá, wọ́n jí i. Ẹ má tíì yọ̀ o. Ìyá rẹ̀ ní ó la ojú, àmọ́ àjà ilé ló ń wò. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò yíjú. Ó ní àwọn dókítà ní ká ní sùúrù, pé ẹni tó sùn báyẹn lè pẹ́ kó tó padà, pé àwọn ò lè sọ bí yóò ṣe padà. Ìyàwó mi tí kì í sunkún sunkún sí mi létí. Ó ní, "Mo ti fi fóònù rẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bóyá ọwọ́ á rántí." Mo jókòó ní Camberwell Green nínú bọ́ọ̀sì òfìfo, mo gbé orí lé ìdarí ọkọ̀. Mo rò nínú ara mi pé a ti gba ara padà, a ò mọ̀ bóyá a gba ọmọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wà nílé, mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ Màmá fún un, fóònù mi dún lórí tábìlì. Mi ò fẹ́ wò ó. Màmá ló ní kí n wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Kò sí "Daddy" níbẹ̀, kò sí "Alhamdulillah", lẹ́tà kan tiẹ̀ fò.

*Whch pot?*

Mo kà á títí ojú mi fi ṣókùnkùn.

"Kí ló dé?" Màmá di ọwọ́ mi mú. "Kí ni wọ́n wí? Sọ̀rọ̀!"

"Òun ni, Màmá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ń bèèrè pé ìkòkò èwo."

Màmá ò pariwo, kò gbé ọwọ́ sókè. Ó fi ọwọ́ ti èjìká mi, ó dìde, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ọ̀kan níta, ó ṣí ilẹ̀kùn bálíkónì, afẹ́fẹ́ tútù sì wọlé bá wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fìríìsà. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó ń wo ewé náà, tó ti ga díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó bu yanrìn tó kù níbẹ̀, ó sì dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láìtíì dà á.

"Èyí ni, sọ fún un," ó ní. "Kó o sì bi í léèrè bóyá kí n tún bò ó."